Ìwé Ẹ̀rù Tí Èmi Àti Sàkírátù Kà

Nígbà tí mo kéré, tí mo ní láti gun òkúta kí n tó lè rí omi inú kànga ilé wa ní Ìrẹmọ, àpò kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ìyá bàbá mi, ẹni tí à ń pè ní Màmá, àpò tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Àpò ìrẹsì ni, wọ́n fi okùn di ẹnu rẹ̀. Gàrí wà nínú rẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀, ìṣáná wà níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ìbora kan àti aṣọ ọmọdé díẹ̀. Bí gàrí náà bá ti ń pẹ́ jù, Màmá á dà á fún wa mu, á sì ra tuntun sí i. A kì í béèrè ìdí. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Ifẹ̀ nígbà náà, ẹ mọ irú àpò bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí nílé tiyín, ó wà nílé ẹ̀gbọ́n bàbá yín.

Ìró ìgbálẹ̀ ló máa ń jí mi láàárọ̀. Èmi ni mo ni ojúde láti gbá, n ó sì pọnmi kún ìkòkò kí n tó wẹ̀, kí n tó jókòó ti ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà tí epo rẹ̀ ti rin bébà tí wọ́n fi wé e. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo, ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé, nítorí náà ọwọ́ Màmá ni mo wà. Màmá kò gbà pé ènìyàn ti jẹun bí kò bá tíì jẹ iyán. Ìrẹsì, ó ní oúnjẹ ẹyẹ ni. Bí ó ti dàgbà tó yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gún un. Èmi á máa sọ iṣu sínú odó, n ó máa yára fa ọwọ́ mi sẹ́yìn kí ọmọ odó má bàa bà mí, òórùn ẹ̀gúsí á sì máa ti inú ilé ìdáná wá bá wa.

Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá dún láìròtẹ́lẹ̀, bí táyà bá bẹ́ ní títì tàbí bí ẹnìkan bá kígbe lójijì, ọmọ odó á dúró sókè lọ́wọ́ Màmá. Kò ní sọ ọ́ kalẹ̀, kò sì ní gún un. Á kàn dúró bẹ́ẹ̀, á dẹtí sílẹ̀, n ó sì máa gbọ́ bí ó ti ń mí. Nígbà tí ó bá dá a lójú pé kò sí nǹkan, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán rẹ̀ bí ẹni pé kò dúró rí. Bí mo bá béèrè pé kí ni, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Ẹnu ni wọ́n fi ń pe ibi. Dákẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn. Bí àwọn àgbà bá ń sọ̀rọ̀ "ìgbà yẹn" lábẹ́ ìloro, tí ọmọdé bá yọ, ẹ ó gbọ́ tí ọ̀rọ̀ yóò yí padà sí owó iṣu. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, àwọn ará wa àti àwọn ará Modákẹ́kẹ́ jà, ilé jóná, ènìyàn kú níhìn-ín, ènìyàn kú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà ó parí. Àwòrán ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lára ògiri pálọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ń rẹ́rìn-ín, ó wọ aṣọ funfun. Kò sí ẹni tó sọ fún wa bí ó ṣe kú.

Àwa ọmọdé wá fi ohun tí a kò mọ̀ ṣeré. A ní eré kan tó jọ bojúbojú. Ẹnìkan á kígbe pé "Wọ́n ti dé o!", gbogbo wa á sì sá pamọ́. Ọjọ́ tí Màmá bá wa nídìí eré náà, ó ní kí gbogbo wa kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́, kí a na ọwọ́ sókè. Pàṣán wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò nà wá. Ó jókòó síwájú wa ó ń wò wá, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Kò sí ẹni tó tún ṣe eré náà mọ́ láàárín wa.

Mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n fi mí jókòó ti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sàkírátù. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń rẹ́rìn-ín láì ṣí ẹnu, ó sì mọ ìṣirò ju gbogbo wa lọ. Ó pẹ́ kí n tó kíyè sí i pé bí a bá ti jáde ní géètì, ọ̀nà ibòmíràn ló máa ń gbà. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Modákẹ́kẹ́ ni ilé wa." Ó wá dúró, ó ń wo ojú mi bóyá yóò yí padà. Mo fún un ní ìdajì gúgúrú àti ẹ̀pà tó wà lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà la ti di ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n n kò sọ nílé, òun náà kò sì sọ.

Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ní yunifásítì. Lọ́jọ́ kan, ó mú mi lọ ra ìwé lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó máa ń tẹ́ ìwé àlòkù sórí ọ̀rá ńlá lẹ́bàá títì. Nígbà tí a ra ìwé ẹ̀kọ́ tán, ọkùnrin náà ju ìwé kan tí kò ní èèpo sí i fún mi, ó ní ènì nìyẹn. Bàbá mi kò tilẹ̀ wò ó. Ìwé gẹ̀ẹ́sì ni, ó nípọn, etí rẹ̀ ti pọ́n bí ewé ẹ̀kọ tó gbẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ bí wọ́n ti máa ń rí. Ayé ti bàjẹ́ nínú rẹ̀. Iná ti jó ìlú púpọ̀, àwọn tó kù sì kó ara wọn jọ sínú ìlú kan tí ògiri gíga là sí méjì. Bí ọmọ bá pé ọdún mẹ́rìnlá, àwọn aláṣẹ á so aṣọ pupa tàbí aṣọ aró mọ́ ọn lápá. Ẹni tó bá bá ọmọ tí àwọ̀ aṣọ apá rẹ̀ yàtọ̀ sọ̀rọ̀, ilẹ̀ yóò mọ́, wọn kò ní rí i mọ́. Àwọn òbí mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á máa jẹun, wọ́n á máa ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ọmọbìnrin kan ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè. Èmi àti Sàkírátù kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀, nítorí náà a sọ ọ́ ní Tèmi.

A kò lè jọ kà á nílé, nítorí náà bí agogo ìsinmi bá ti lù, ìdí igi máńgòrò ẹ̀yìn kíláàsì ni à ń sá lọ. Èmi á ka ojú ìwé kan, òun á ka ìkejì. Ibi tí gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá le, a ó méfò rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá bà wá jù, a ó pa á dé, a ó wo ara wa, a ó tún ṣí i. Mo rántí bí Tèmi ti máa ń yọ́ lọ sídìí ògiri náà, níbi tí ihò kékeré kan wà, tí ó máa ń fi ìgò omi gba ibẹ̀ kọjá fún ọmọ kan tí òùngbẹ ń gbẹ lọ́hùn-ún. Mo máa ń gbàgbé àkàrà lọ́wọ́ mi títí èèrà á fi bò ó.

Kí ló fà wá mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀? Mo ti rò ó púpọ̀ láti ìgbà náà. Nílé wa, ẹ̀rù wà nínú afẹ́fẹ́ bí òórùn kẹrosíìnì, ó wà nínú àpò ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó wà nínú ọmọ odó tó dúró sókè, ṣùgbọ́n kò ní orúkọ. Nínú ìwé yẹn, ẹ̀rù ní ojú. Ẹ lè nàka sí i pé òun rèé. Àti pé ọmọdé bí tiwa ló ń bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kó kúnlẹ̀.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ gbọ́ òórùn ọ̀rọ̀ náà. Mo ń fọ abọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sì ń bá ara mi sọ ọ̀rọ̀ tí Tèmi sọ fún olórí ìlú náà, pé, "A kò bẹ̀rù yín mọ́!" Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Ta ni ìwọ ò bẹ̀rù mọ́?"

Mo ṣàlàyé, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ó ń burú sí i. Ọmọ tó ń ṣàìgbọràn, òbí tó ń dákẹ́, ìlú tó pín sí méjì. Mo rí i tí ojú bàbá mi yí padà nígbà tí mo dé ibi ìlú tó pín sí méjì. Ó ní, "Níbo ni ìwé náà wà?" Mo ní ó wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Kò béèrè ọ̀rẹ́ wo. Ó ní, "Lọ́la, gbà á wá. Màá fún ìyá alákàrà, á rí nǹkan fi wé àkàrà." Ó ní kí n kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, mo na ọwọ́ sókè títí èjìká fi ń ta mí, bẹ́ẹ̀ ni ọbẹ̀ ilá ń hó níwájú mi.

Ọjọ́ kejì, mo sọ fún Sàkírátù. Ó fa ìwé náà yọ nínú báàgì rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú ìwé àkọ́kọ́ bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ó kù díẹ̀ kí a parí rẹ̀. A pinnu pé a ó kà á tán nígbà ìsinmi, bó bá di dandan ká má jẹun.

Ìsinmi náà kò dé. Olùkọ́ ìṣirò ṣì ń kọ nǹkan sójú pátákó nígbà tí a gbọ́ ariwo láti apá Sábó. A kọ́kọ́ rò pé ijó ni. Lẹ́yìn náà la gbọ́ tí àwọn onísọ́ọ̀bù ń wọ́ ilẹ̀kùn irin wọn lulẹ̀, gbàràgàdà, gbàràgàdà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ariwo náà ń sún mọ́ wa. Àwọn ọlọ́kadà ń sáré kọjá láì gbé èrò. Obìnrin kan sáré kọjá géètì, ó gbé ọmọ pọ̀n láì fi ọ̀já dì í, ó ń ké pé, "Ìjà ti dé o! Wọ́n ti dé o!"

Ẹfun bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ wa. Ọkùnrin tó ga, tó ní ohùn bí ààrá ni, ṣùgbọ́n ó sáré lọ ti fèrèsé. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé eré tí à ń ṣe nígbà yẹn kì í ṣe eré.

Wọ́n ti géètì. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í dé, wọ́n ń fa ọmọ wọn lọ́wọ́ lọ. Olùkọ́ wá ní kí àwọn tí ilé wọn wà ní Modákẹ́kẹ́ jókòó sínú gbọ̀ngàn, nítorí kò sí ọlọ́kadà tó máa gbé wọn kọjá. Wọn kò pọ̀. Sàkírátù dìde, ó gbé báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi kànga. Ó ń wò mí bí ó ti wò mí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ ibi tí ilé wọn wà, n kò sì ní gúgúrú kankan lọ́wọ́ tí mo lè fún un.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí mo rí Màmá ní géètì. Ó fẹsẹ̀ rìn wá láti Ìrẹmọ. Gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu, àpò ìrẹsì ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wà lórí rẹ̀. Mo sáré lọ bá a, ṣùgbọ́n n kò jọ̀wọ́ ọwọ́ Sàkírátù, nítorí náà a jọ sáré ni.

Màmá wo ọwọ́ wa. "Ọmọ ta nìyí?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni, Màmá. Sàkírátù. Modákẹ́kẹ́ ni ilé wọn."

Mo ti sọ ọ́ kí n tó ronú. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: gbogbo ariwo yẹn, ilẹ̀kùn irin tó ń já lulẹ̀, ènìyàn tó ń sá sókè sódò, Màmá sì dákẹ́. Mo wo ojú rẹ̀, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀ tí mo lè kà. Sàkírátù bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi díẹ̀díẹ̀.

Olùkọ́ sọ pé, "Màmá, ẹ máa mú ọmọ yín lọ. Èyí á wà lọ́dọ̀ wa títí àwọn òbí rẹ̀ á fi dé."

Màmá wo géètì ilé ẹ̀kọ́ wa. Ó ní, "Géètì yìí? Bí àwọn géńdé mẹ́ta bá fẹsẹ̀ lù ú, ó wó." Ó yíjú sí Sàkírátù. "Ọmọ mi, ṣé wàá bá mi lọ?"

Sàkírátù kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, mà. Màá bá yín lọ."

"Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀, má dáhùn. Ẹnu rẹ á tú àṣírí rẹ. Èmi ni n ó máa sọ̀rọ̀."

A kò gba títì. Ẹ̀yìnkùlé la gbà, láàárín ògiri àwọn agboolé, níbi tí omi ìdọ̀tí ń ṣàn, tí adìẹ ń sá níwájú wa. Màmá wà láàárín, ó di àwa méjèèjì mú, àpò kò mì lórí rẹ̀. Ó kù díẹ̀ ká dé ilé nígbà tí a já sí ìkóríta kan, a bá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró síbẹ̀. Igi wà lọ́wọ́ àwọn kan, àdá wà lọ́wọ́ ẹnìkan. Ojú wọn pọ́n. Mo rí i lẹ́yìn ọjọ́ náà pé ẹ̀rù ló ń ba àwọn náà, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ nígbà yẹn.

Ẹni tó di àdá mú náà yẹ́ Màmá sí, ó tẹrí ba, ṣùgbọ́n ó nàka sí Sàkírátù. "Ìwọ, agboolé wo ni wọ́n ti bí ọ?"

Sàkírátù la ẹnu. Mo rò ó pé bí Tèmi bá ni, á ti sọ ọ̀rọ̀ ńlá kan nísinsìnyí. Èmi ń wo àdá náà ni.

Màmá fi ìjìnlẹ̀ ẹnu Ifẹ̀ dá a lóhùn, irú èyí tí bàbá mi kì í sọ mọ́ láti ìgbà tó ti ń bá àwọn oníyunifásítì ṣiṣẹ́. Ó bi í pé ṣé ọmọ tí òun dì lọ́wọ́ mú ló ń bi ní agboolé lójú òun? Ó pe ìyá rẹ̀ lórúkọ. Ó pe ìyá ìyá rẹ̀ lórúkọ. Ó ní òun ló gbé ìyá rẹ̀ wẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, òun sì lè na ọmọkùnrin náà níbí lónìí, kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi àdá pamọ́ sẹ́yìn bí ọmọdé tó jí ẹran. "Ẹ má bínú, Ìyá," ló wí. Wọ́n yà fún wa.

Nígbà tí a dé ilé, Màmá tì wá mọ́ yàrá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó ti ilẹ̀kùn, ó gbé ọmọ odó lé itan. Kò sí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ mo bura fún yín, bí mo bá rántí ìyá arúgbó pẹ̀lú ọmọ odó yẹn lónìí, ẹ̀rín máa ń pa mí. Yàrá náà gbóná, òórùn àdín àti káńfọ̀ sì kún inú rẹ̀. Sàkírátù ṣì fọwọ́ méjèèjì di báàgì rẹ̀ mú. Mo ní, "Gbé ìwé náà jáde."

A bẹ̀rẹ̀ sí í kà á wúyẹ́wúyẹ́ láti ibi tí a ti dúró. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń wá Tèmi láti ilé dé ilé. Bí a ṣe ń kà á ni ọwọ́ Sàkírátù ń rọlẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Màmá sọ̀rọ̀ láìyíjú padà.

"Kí ni ẹ̀ ń kà?"

A sọ fún un. Ó ní kí a túmọ̀ rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, bí èmi bá ṣì í sọ, Sàkírátù á tún un ṣe. Màmá ń gbọ́. Nígbà tí a dé ibi tí Tèmi sá pamọ́ sínú àká, ó béèrè pé, "Ṣé ọmọ náà ti jẹun?" A ní ìwé kò sọ. Ó mi orí. "Ẹni tó kọ ọ́ kò sá rí."

Kò pẹ́ sí i la gbọ́ tí ẹnìkan ń gbá ilẹ̀kùn ìta. Màmá dìde pẹ̀lú ọmọ odó rẹ̀. Ohùn bàbá mi la gbọ́: "Màmá, ẹ ṣílẹ̀kùn, èmi ni! Kò sí ìjà o! Màlúù ni!"

Màlúù ni lóòótọ́. Màlúù kan ló já lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ gbé e sọ́kọ̀ ní Sábó, ó sáré wọ àárín ọjà, ó kan igbá dànù, àwọn ènìyàn sá. Àwọn tó rí wọn tí wọ́n ń sá kò rí màlúù. Àwọn náà sá. Nígbà tó fi máa dé Ìrẹmọ, màlúù ti di ogun. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ló rí lódìkejì, àwọn náà ti ilẹ̀kùn, wọ́n kó ọmọ wọn pamọ́ nítorí àwa. Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí ibùsùn, ọmọ odó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá mi bá Sàkírátù pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì ni ìyá náà. Ó dé pẹ̀lú aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sí ìta ìloro.

"Ẹ wọlé," Màmá wí.

"Màmá, ẹ ṣé gan-an ni. Mi ò wọ ilé kankan ní Ìrẹmọ láti ìgbà yẹn."

"Èmi náà ò dé ọ̀dọ̀ yín láti ìgbà yẹn. Ẹ wọlé. Ebi ń pa ọmọ."

Ó wọlé. Àpò ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Màmá tú, gàrí ibẹ̀ ló fi tẹ ẹ̀bà fún wa, nítorí kò sí agbára láti gún iyán lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a jẹun tán, ó bi wá léèrè ohun tí mo rò pé ó ti ń rò bọ̀ láti inú yàrá.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀rù ń bà yín, ìwé ẹ̀rù lẹ tún ń kà. Kí ló dé?"

Sàkírátù ló wo ìyá rẹ̀, ó wo Màmá, ó ní, "Torí pé wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀, mà. Nílé wa, wọn kì í sọ ọ́."

Ìyá rẹ̀ sọ orí kọ́. Bàbá mi, tó ti na ọwọ́ láti gba ìwé náà, dá ọwọ́ dúró. Màmá wá sọ̀rọ̀, bí ẹni ń ka nǹkan ni ó sọ ọ́. Ó ní nígbà tí ìjà dé, àwọn sá jáde láì mú nǹkan kan, àwọn ọmọdé sì ń sunkún oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lára ògiri, ní òun á padà lọ bu gàrí wá. Màmá ní, "Mo ní kó má lọ. Ó ní kò jìnnà." Kò padà wá. Ìdí nìyẹn tí àpò fi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn náà ni ìyá Sàkírátù, láìsí ẹni tó bi í, sọ nípa àbúrò rẹ̀ obìnrin àti ilé bàbá wọn tó jóná. Kò sọ púpọ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé ẹ̀bi ta ni. Wọ́n kàn sọ ọ́ ni. Bàbá mi jáde lọ sí ìdí kànga, ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Ọmọ rẹ̀ ni mo jẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé òun náà ti jẹ́ àbúrò ẹnìkan rí.

Síbẹ̀ kò fi ìwé náà sílẹ̀ fún wa lọ́jọ́ náà o. Ó gbà á, ó ní òfin ni òfin. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé, mo bá a níbi tó fara ti ògiri ẹ̀yìnkùlé, ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, tíì tó fẹ́ mu ti tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó wúkọ́. Ó ní, "Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ dáa." Ọjọ́ Mọ́ńdè, mo bá ìwé náà nínú báàgì mi. Èmi àti Sàkírátù kà á tán lábẹ́ igi máńgòrò. Tèmi kò wó ògiri náà lulẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti rò. Ihò náà ló mú gbòòrò sí i, ènìyàn sì ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí mo ti kà láti ìgbà náà, ọmọdé ló máa ń gba ìlú là, àwọn àgbà á sì máa dínà. Mo fẹ́ràn wọn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé lọ́jọ́ tí ẹ̀rù dé lóòótọ́, ìyá arúgbó kan tí bàtà rẹ̀ kò bára mu ló dì wá lọ́wọ́ mú.

Màmá ti sun oorun ìkẹyìn. Sàkírátù ti di nọ́ọ̀sì bí ìyá rẹ̀, Ìlọrin ló ń gbé. Èmi ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama níbí ní Ifẹ̀, àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ kò tilẹ̀ mọ ibi tí ààlà ìlú méjèèjì wà. Wọ́n ń gba ibẹ̀ lọ ra ṣáwámà jẹ. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn lójoojúmọ́. Síbẹ̀ àwọn náà ń ka ìwé ẹ̀rù, wọ́n ń kà á lórí fóònù: ayé tó bàjẹ́, ọmọ tó ń sá, aláṣẹ tó ń ṣọ́ ènìyàn. Nígbà tiwa, àwọn àgbà kì í sọ nǹkan fún wa, inú ìwé àjèjì la ti ń wá a. Àwọn ti òde òní ń gbọ́ gbogbo rẹ̀: ẹni tí wọ́n jí gbé lọ́nà oko, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kó ọmọ lọ, ó ń dé sọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó fọ ẹnu láàárọ̀. Àwa gbọ́ kékeré jù, àwọn ń gbọ́ púpọ̀ jù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bá ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi nígbà ìsinmi, ó dá jókòó, ó tẹjú mọ́ fóònù lábẹ́ tábìlì. Òfin wa ni pé kí a gba fóònù lọ́wọ́ ẹni tó bá mú un wá. Mo na ọwọ́, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, mo sì rí i pé ìwé ẹ̀rù ló ń kà. Mo bi í pé, "Gbogbo ẹ̀rù tó wà nínú ìròyìn, kò tó ọ ni?"

Ó ní, "Ó tó mi, mà. Ṣùgbọ́n ìròyìn kì í parí. Ìwé máa ń parí."

Mo dá fóònù náà padà fún un, mo sì lọ ti ilẹ̀kùn kíláàsì kí olùkọ́ mìíràn má bàa wọlé gbà á.